Kọ́kọ́ Bá Wọn Ṣírò Ẹyin

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ń sin adìyẹ lè fi máa kọ iye ẹyin àti oúnjẹ sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà rèé, ènìyàn mẹ́rin péré ló rà á. Owó ìpolówó sì ti tán lọ́wọ́ mi. (Olùkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú ìnáwó. Fi ìpolówó sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń sin adìyẹ kì í wá ètò kọ̀ǹpútà lórí Google. Ìdí tí ẹyin fi dínkù ló ń wá. Kọ́ ojú òpó tó máa dá a lóhùn.

Mo ṣe irú rẹ̀ rí fún àwọn télọ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo, nípa iye yáàdì tí agbádá ń gbà, ló kó oníbàárà wá fún mi ju gbogbo ìpolówó lọ.

Ní tìrẹ, ṣe ẹ̀rọ ìṣirò kékeré síbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni tó ní adìyẹ 500 tẹ ẹyin ọjọ́ kan sí i: kíréètì 13 (ẹyin 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan) àti ẹyin 20. Ẹyin 410 nìyẹn, ìyẹn ni pé nínú adìyẹ 100, 82 ló yé lọ́jọ́ náà. Kó rí i lójú ẹsẹ̀. Jọ̀ọ́, má gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kó tó rí i; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá. Abẹ́ èsì yẹn ni kí o ti sọ fún un pé ètò rẹ lè máa bá a tọ́jú àkọsílẹ̀ náà lójoojúmọ́.

Kí ojú òpó náà fúyẹ́, torí dátà. Ohun tí o bá kọ síbẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára adìyẹ, jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó gbé e jáde.