Àwọn Òṣìṣẹ́ Mi Kì Í Dìde Lórí Àga

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń ti ilé wọn ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí a ti fi ọ́fíìsì sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ráhùn ẹ̀yìn ríro àti ẹsẹ̀ wíwú. Mo máa ń fi ìmọ̀ràn eré ìdárayá ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ pé ìlera wọn jẹ yín lọ́kàn. Lójú tiwa, ìmọ̀ràn ti tó wọn, àyè ni wọn kò ní. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọ̀gá lè pe òun kí òun má sí nídìí kọ̀ǹpútà kò ní dìde, bó ti wù kí ẹ̀yìn máa ro ó tó. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún dá kún un: bí iná bá dé, olúkúlùkù á fẹ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ tán kí wọ́n tó mú un lọ, á sì jókòó pa síbẹ̀.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1953, oníṣègùn Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London, èyí tó fi hàn pé àrùn ọkàn ń ṣe àwọn awakọ̀ tó ń jókòó ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò lọ. Ní ti ẹsẹ̀ wíwú, iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló ń bá wa ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tí a bá ń rìn. Bí a kò bá mira, omi á dúró sí ẹsẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìpàdé oníwákàtí kan máa parí ní ìṣẹ́jú 50, kí ẹ má sì fi òmíràn tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tí kò bá gba pé kí a wo ìwé, ẹ ṣe é lórí fóònù láìtan kámẹ́rà, kí ẹ̀yin gan-an sì sọ fún wọn pé ẹ ń rìn kiri ọ̀ọ̀dẹ̀ bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, torí ohun tí ọ̀gá bá ń ṣe ní gbangba ni ọkàn ọmọ abẹ́ rẹ̀ máa ń balẹ̀ láti ṣe. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Ìrìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ máa ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ di ìdíje tàbí ohun tí ẹ ó máa bi wọ́n léèrè, nítorí aláboyún àti ẹni tí orúnkún ń dùn lè wà láàrin wọn.

Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹnì kan rí tó wú, tó ń ro, tó sì gbóná, ẹ ní kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú òpójẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.