Àlejò Tokpota, má kó lọ

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bírò. Fún ẹ̀yin yòókù: ọmọ Ìbàdàn ni, iṣẹ́ ló gbé e dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Iyanrìn ni ojú ọ̀nà nígbà tó yá ilé sí Tokpota, àdúgbò kan níbẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ti fi òkúta tẹ́ ẹ, ilé alájà ń hù bí olú, ìyá alákàsà tó máa ń jókòó níwájú ilé rẹ̀ sì ti kó lọ sí ìkọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù ní àdúgbò sọ fún un lójú pé, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà lẹ bà á jẹ́ fún wa." Ó wá ń béèrè bóyá kí òun kó lọ sí Kútọnu.

Má kó lọ. Àmọ́ ohun tí ẹni yẹn sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́: "Mo san owó ọdún kan pa pọ̀ kí onílé má bàa yọ mí lẹ́nu." Ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Níbí, oṣooṣù la ń san owó ilé. Káfíńtà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tó o ní kì í dá ọ lóhùn tó o bá kí i, níbo ni yóò ti rí owó ọdún kan gbá jọ? Onílé rí tìrẹ, ojú rẹ̀ là. Ó kọjá sí ẹ̀yìn, ó ní, "Ará Nàìjíríà iwájú yẹn san ọdún kan, ìwọ ńkọ́?" Mo mọ̀ pé o ò ní in lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Onílé wá ní kí o san ọdún méjì báyìí, pẹ̀lú èlé lórí owó oṣù. Má san án. Òfin ọdún 2018 lórí ilé gbígbé ní Bẹ̀nẹ̀ kò gbà kí onílé béèrè owó ìdúró, ìyẹn owó tí à ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé, tó ju ti oṣù 3 lọ. Tí ọdún tó o ti san bá pé, oṣooṣù ni kí o padà sí, kí o máa gba rìsíìtì, kí àdéhùn sì wà nínú ìwé. Kí o tó lọ bá onílé, lọ bá káfíńtà, kí ẹ jọ lọ. Òun ni kó sọ̀rọ̀. Tí onílé bá lérí, ẹ gba ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò lọ. Àbí ìwọ náà ò tíì ṣe káàdì ìgbélùú? Ọjọ́ 90 ni ECOWAS fún wa láìsí físà, ọmọ mi, ọdún mẹ́ta kọ́.

Ẹjọ́ Zangbeto, eégún òru àwọn Ègùn, tó o fi sùn mí, ẹ̀rín ló pa mí. Àwọn Ègùn ti fi wọ́n ṣọ́ òru tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé mèguàdì sẹ́nu géètì. Wọlé, ti ilẹ̀kùn rẹ, sùn.

O ní Yorùbá lo ń sọ sí gbogbo wọn, Ègùn ni wọ́n fi ń dá ọ lóhùn. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, lèmi, ọkọ ló gbé mi dé ìlú yìí. Mo rò pé bí a ṣe ń pè é ní Àjàṣẹ́, tiwa náà ni. Ọdún méjì ni mo fi ń na ìka sí ata lọ́jà bí odi, nítorí agídí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Ègùn ná ata, ìyá náà bu ẹ̀kún ọwọ́ kan kún un, ó ní kúàbọ̀. Ṣé o gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn? Òun náà ni tiwa.

Wá ibi tí ìyá alákàsà wà. Má rán ọmọ ọ̀dọ̀, fẹsẹ̀ ara rẹ lọ, tú ewé àkàsà náà kí o sì jẹ ẹ́ níbẹ̀.

O tún ní o fẹ́ lọ ra àga fáráńdà ní Kútọnu. Káfíńtà wà lẹ́yìn ilé rẹ o! Kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Iye tó bá sì kọ́kọ́ pè, jọ̀ọ́, má san án. Ná an.