Kí o tó mú àkòrí PhD lórí àwòrán nuclear medicine

Àbúrò, o bèèrè bóyá ó dára kí ẹni tó kà físíìsì lọ ṣe PhD lórí àwòrán nuclear medicine (ìṣègùn tó ń fi èròjà tó ń tú ìtànṣán wo inú ara), kó sì di olùkọ́ yunifásítì. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, ó dára. Àkòrí ni kí o ṣọ́ra fún, torí òun ló máa sọ bóyá wàá parí tàbí wàá hu ewú sídìí rẹ̀.

Àkòrí tèmi gbára lé àwọn aláìsàn tí wọ́n máa gún ní abẹ́rẹ́ technetium-99m, èròjà tó ń tú ìtànṣán, kí a tó fi kámẹ́rà gamma tó ń rí ìtànṣán yẹn ya àwòrán egungun wọn. Tó bá fi máa di wákàtí 6, ìdajì technetium ti lọ. Ara molybdenum-99 inú jẹnẹrétọ̀ la ti ń fà á (àpótí tí wọ́n fi ń kó o wá, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ oníná o), òun náà sì ń dín kù sí ìdajì ní wákàtí 66. Bí ẹrù bá há sí pápákọ̀ òfurufú fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ohun tó máa kù níbẹ̀ kò tó ìdajì mọ́. O ò lè kó o pamọ́, omi dídì ojú oòrùn ni. Nígbà tí reactor NRU ti Chalk River ní Kánádà, ẹ̀rọ átọ́míìkì tí wọ́n ti ń ṣe molybdenum yìí, ń jò ní 2009, tí wọ́n tì í pa títí di 2010, àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pàápàá ń sún ọjọ́ aláìsàn síwájú. Kí wá ni tiwa?

Kámẹ́rà náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Kírísítálì sodium iodide inú rẹ̀ kò fẹ́ kí ooru àti òtútù yí padà lójijì. Iná lọ, ẹ̀rọ amúlétutù kú, yàrá gbóná, iná dé, yàrá tutù: ó lè là, bó bá sì là, kò ṣeé lẹ̀. Tiwa là. Wọ́n ní owó kò sí.

Ohun tó yọ mí ni ìwé tí àwọn tẹkinọ́lọ́jíìsì máa ń kọ láràárọ̀, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá kámẹ́rà ń ríran dọ́gba káàkiri ojú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í kà á. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, mo gba GATE, sọ́fítíwíà tó ń ṣe àfarawé bí ìtànṣán ṣe ń rìn, sórí kọ̀ǹpútà mi, ọ̀fẹ́ ni, mo kọ́ kámẹ́rà wa síbẹ̀, mo ń rán fótọ́ọ̀nù 140 keV (irú ìtànṣán tí technetium ń tú jáde) gba inú rẹ̀, mo sì ń fi èsì wé ohun tó wà nínú ìwé. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi gba oyè.

Nítorí náà, mú àkòrí tí ìdajì rẹ̀ ṣì máa dúró bí kámẹ́rà bá kú. Kí ìwọ tó gbà láti bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́, ní kí wọ́n fi ìwé àràárọ̀ yẹn hàn ọ́. Bí wọn ò bá ní i, wá ibòmíràn.

Má sì jẹ́ kí PhD nìkan tó ọ. Kíláàsì kò lè kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró ti kámẹ́rà. Ètò másítà físíìsì ìṣègùn ti ICTP (ilé ìwádìí físíìsì àgbáyé) àti Yunifásítì Trieste ní Ítálì jẹ́ ọdún méjì, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń lo ọdún kejì. Ètò STEP tí ICTP àti IAEA (àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì) jọ ń ṣe wà fún ẹni tó ń ṣe PhD nílé: wàá lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun fún oṣù díẹ̀, yunifásítì ilé ló ṣì máa fún ọ ní oyè. Bó bá jẹ́ obìnrin ni ọ́, wo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Marie Skłodowska-Curie ti IAEA fún másítà.

Àkòrí wo ni wọ́n ti dá lábàá fún ọ? Kọ ọ́ wá ká jọ wò ó.