Da Silva yẹn kọ́ ni orírun yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Pópó Àgùdà ni ilé bàbá wa wà kí wọ́n tó wó o. Da Silva là ń jẹ́. Ẹnì kan tó ń polówó lórí WhatsApp ní tí n bá san ₦45,000, òun á bá mi wá ìlú tí a ti ṣẹ̀ wá ní Pọ́túgà, òun á sì fún mi ní àwòrán asà ìdílé da Silva tí n lè gbé kọ́ ara ògiri. Ó ní mo tún lè fi gba pásípọ́ọ̀tù wọn. Ṣé kí n san án? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ àwọn bàbá ńlá mi dé ìran karùn-ún?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, owó tí àwọn èèyàn ń kó fún àwọn gbájúẹ̀ yìí sì ti ń bí èèyàn nínú. Ẹ jẹ́ kí n yára mú asà àti pásípọ́ọ̀tù kúrò nílẹ̀.

Asà oníkìnnìún tí wọ́n ń tà kiri yẹn, ẹnì kan àti àrólé rẹ̀ ni ọba ilẹ̀ òyìnbó máa ń fi dá lọ́lá láyé àtijọ́. Kì í ṣe ti gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti ń jẹ́ orúkọ kan. Da Silva túmọ̀ sí «ti inú igbó», ó sì wà lára orúkọ tó wọ́pọ̀ jù ní Bràsíl. Lula, ààrẹ wọn, ń jẹ́ ẹ. Igbó wo wá ni ẹni WhatsApp yín fẹ́ tọ́ka sí? Ní ti pásípọ́ọ̀tù, òbí tàbí òbí àgbà tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wọn gan-an ni wọ́n ń béèrè, wọn kì í wo orúkọ. Òfin náà a máa yí padà, nítorí náà ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wọn ni kí ẹ ti lọ gbọ́ ọ, ẹ má gbà á lẹ́nu mi.

Ó kan ohun tó ṣe kókó. Ẹ rò pé orúkọ ìdílé ni okùn tí ẹ ó máa fà títí ẹ ó fi kan baba ńlá yín. Fún ìdílé Àgùdà, ìyẹn ìdílé àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Bràsíl tí wọ́n padà dé Èkó, ibi tí okùn ti já gan-an ni orúkọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Wọ́n kó ẹnì kan lẹ́rú nílẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí ọdún 1825, ọkọ̀ gbé e dé Bahia ní Bràsíl. Àlùfáà tẹ̀ ẹ́ bọmi, ó sọ ọ́ ní Antônio tàbí Maria, ó parí. Ẹrú kì í sábà ní orúkọ kejì. Ohun tí wọ́n máa ń kọ tẹ̀ lé Antônio nínú ìwé ni «nagô», ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀ (Lucumí ni ní Cuba, Aku ni ní Freetown), lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ orúkọ olówó rẹ̀. Ọjọ́ tó bá ra ara rẹ̀ padà, tó fẹ́ gba ìwé òmìnira tàbí ìwé ìrìnnà, ni orúkọ kejì tó wọlé. Àwọn kan mú ti olówó wọn, àwọn kan mú ti bàbá ìsàmì wọn, àwọn mìíràn mú orúkọ ẹ̀sìn: dos Santos (ti àwọn ẹni mímọ́), de Jesus, da Conceição, dos Reis. Ilé la ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ àwọn yìí lórúkọ kò wo ilé kankan.

Nítorí náà, ará Ọ̀fà kan àti ará Kétu kan tó sin olówó kan náà lè jọ bá ọkọ̀ kan dé Èkó, kí àwọn méjèèjì máa jẹ́ da Silva, kí wọ́n kọ́lé ti ara wọn ní Òpópónà Bámgbóṣé, kí ẹ̀jẹ̀ má sì pa wọ́n pọ̀ rárá. Ọmọ ìyá méjì tí wọ́n sì tà fún olówó méjì á jẹ́ orúkọ méjì. João Esan da Rocha tó ni Water House ní Kákáwá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Rocha kò lè mú yín dé Iléṣà láéláé. Ẹ má sì rò pé Kátólíìkì ni gbogbo wọn. Mùsùlùmí wà nínú wọn tó mú orúkọ Potogí dé, tó sì ń kírun lọ ní tirẹ̀.

Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n sì ti Freetown dé sí Olówógbówó, náà ò yàtọ̀. Ẹ mú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n sàmì fún un ní Freetown ní 1825, wọ́n sì fún un lórúkọ àlùfáà òyìnbó kan ní London. Ẹni tó bá tọ Crowther lẹ́yìn, London ni yóò já sí. Bẹ́ẹ̀, Abẹ́òkúta ni Àjàyí ti rí ìyá tó bí i, Àfàlá, ní 1846. Àjàyí tó dúró yẹn pàápàá, orúkọ àmútọ̀runwá ni, ó kàn sọ bí ọmọ ṣe dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i ni. Kò sọ ìdílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òjó, Àìná, Dàda àti Táíwò, tí wọ́n kún inú ìwé àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Freetown.

Ẹni tí kì í ṣe Àgùdà tàbí Sàró, ẹ má yọ̀ jù. Ìwé ìsàmì àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ló sọ orúkọ bàbá di orúkọ ìdílé lọ́dọ̀ wa, kò tíì pẹ́ rárá. Nínú agboolé kan, ẹ̀gbọ́n lè mú orúkọ bàbá, kí àbúrò mú ìnagijẹ bàbá, kí èyí tó kẹ́yìn mú orúkọ ìsàmì. Àwọn mìíràn pàrọ̀ orúkọ lójú ayé wọn: David Brown Vincent di Mọjọlá Agbebi ní 1894, ẹni tó bá ń wá Vincent lẹ́yìn ọdún yẹn á ní ó ti kú. Ọ̀pọ̀ Ifá àti Ògún ló ti di Olú nínú ìwé. Ẹni tó bá sì ní gbogbo Adé ni ọmọ ọba, ẹ béèrè ilé ọba tó ti jáde.

Kí ni ẹ ó wá ṣe? Ẹ gbàgbé Bràsíl ná. Ọ̀dọ̀ ara yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa padà sẹ́yìn ní ìran kọ̀ọ̀kan, láì fo ẹnikẹ́ni. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbogbo orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ (ti ìsàmì tàbí ti Mùsùlùmí, àmútọ̀runwá, oríkì, ìnagijẹ), agboolé tàbí òpópónà rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n sin ín sí, àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ilé tí ìyá náà ti wá. Ìyá yìí ni èèyàn máa ń fò, òun ló sì máa ń dà á rú. Bàbá tó ní ìyàwó mẹ́ta ní ìdí igi mẹ́ta, ìdí igi ni wọ́n sì fi ń pín ogún. Tí ẹ kò bá mọ ìdí igi yín, ẹ ó kan máa ka ọmọ bàbá mọ́ ọmọ ìyá.

Tí àgbàlagbà kò bá rántí ọdún, ẹ má fipá mú un. Ẹ bi í bóyá ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ṣí Afárá Carter (1901), tàbí nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ti 1918, tàbí lẹ́yìn tí LEDB (àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe) bẹ̀rẹ̀ sí í wólé láàárín Èkó ní 1955. Ìwólé yẹn ló gbé ọ̀pọ̀ yín dé Sùúrùlérè, ọ̀pọ̀ sàréè inú ilé sì bá a lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, oríkì orílẹ̀. Kì í ṣe Àjàní tàbí Àbẹ̀ní tí wọ́n fi ń pe èèyàn ni mò ń wí o, èyí tó ń ki ìran ni. Ibẹ̀ ni ìlú, iṣẹ́ àti èèwọ̀ wà. Àwọn ìyàwó ilé àtijọ́ ló mọ̀ ọ́n jù, torí pé àwọn ló ń fi í kí ọkọ àti ọmọ láràárọ̀. Ẹ wá wọn kí ẹ tó wá àwọn ọkùnrin. Ẹ tan fóònù sílẹ̀, ẹ má já lu ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó kì í dópin kí ẹ tó béèrè ìtumọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ «Ìyèrú Òkín» àti pé ìjàkadì lorò wọn, Ọ̀fà ni. Tí ẹ bá gbọ́ «Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí», ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré lọ sí Ìkòyí ẹ̀gbẹ́ Ọbáléndé! Ìkòyí ti òkè, ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n ń wí. Àṣìṣe yìí ti mú kí àwọn kan máa pe ara wọn ní onílẹ̀ l'Ékòó. Kí ẹ sì tún béèrè bóyá oríkì bàbá ni wọ́n ń kì tàbí ti ìyá, nítorí ìyá àgbà máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ìwé ló kàn. Fún Àgùdà Kátólíìkì, Holy Cross, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá tó wà l'Ékòó, ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ ń wá, kí ẹ sì fún wọn ní ọdún tí kò ju márùn-ún síwájú, márùn-ún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó máa ṣí ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún fún yín. Èdè Látìn ni wọ́n sábà fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, João á di Joannes. Ẹ wo etí ojú ìwé pẹ̀lú: láti 1908 ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí àlùfáà máa kọ ìgbéyàwó ẹni síbi tí wọ́n kọ ìsàmì rẹ̀ sí, ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ìyàwó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ da orúkọ bàbá àti ìyá ìsàmì kọ, torí ará ìlú kan náà ni wọ́n máa ń jẹ́ nígbà mìíràn.

Ìwé ilẹ̀ wà ní Aláúsá, ìwé ìjọba àtijọ́ wà ní ilé àkójọ ìwé ìpínlẹ̀ Èkó ní Màgòdò àti ní National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kọ́ọ̀tù Ìgbóṣéré jóná ní oṣù kẹwàá 2020, nítorí náà tí wọ́n bá ní àwọn ò rí ìwé ogún, kò túmọ̀ sí pé kò sí i rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀ tí wọ́n wó ní àwọn ọdún 1970.

Ìgbà tí ẹ bá ti mọ orúkọ ìsàmì ẹni tó dé àti nǹkan bí ọdún tó dé ni kí ẹ tó kọjú sí Bahia. Ìwé ìsàmì Bahia wà lórí FamilySearch lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé ìrìnnà àwọn tó ń padà sílé wà ní ilé àkójọ ìwé ìpínlẹ̀ Bahia. Ẹ wá «nagô» àti «liberto», ìyẹn ẹni tó ti gbòmìnira. Wọ́n á sọ fún yín pé wọ́n ti dáná sun gbogbo ìwé ẹrú ní 1890. Ìwé owó orí àti ti ìnáwó ìjọba ni àṣẹ yẹn dojú kọ. Ti ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò DNA ńkọ́? Kò lè dárúkọ ìlú fún yín. Baba baba baba baba yín kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún lọ lára yín. Ohun tó wúlò níbẹ̀ ni àwọn ìbátan tí yóò bá yín rí ní Salvador, olú ìlú Bahia. Ó sì lè tú àṣírí ta ló bí ta, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó tutọ́ sínú ìgò.

Ohun tí mo kọ yìí kì í ṣe ẹ̀rí fún ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti oyè. Tó bá ti kan ìyẹn, agbẹjọ́rò ni kí ẹ wá.

Tí ẹ bá tún kọ̀wé sí mi, ẹ fi oríkì tí ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, bó ṣe jáde lẹ́nu ìyá àgbà gan-an, ẹ má bá wọn tún un ṣe. Asà yẹn, ẹ fi sílẹ̀ lórí WhatsApp tí ẹ ti rí i.