Iyọ̀ Tí Ìyá Ọkọ Rẹ Ń Dì Pamọ́ Kì Í Ṣe Oògùn

Lẹ́tà náà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Ígbò ni ọkọ mi, Sùúrùlérè là ń gbé. Láti ọdún tó kọjá ni ìyá ọkọ mi ti wà lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo ń tún yàrá wọn ṣe, mo bá iyọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, wọ́n so ẹnu rẹ̀ pinpin. Ó tún wà nínú bàtà, ó wà nínú ìrọ̀rí. Gààrí wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀, búrẹ́dì tó ti gbẹ náà wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, da ìrẹsì tó jẹ kù sínú garawa ìdọ̀tí. Màmá gbá a létí, wọ́n kó ìrẹsì náà jáde, wọ́n ṣàn án, wọ́n sì jókòó jẹ ẹ́ tán. Lọ́dún tuntun táwọn ọmọ àdúgbò ń yin báńgà, abẹ́ tábìlì la ti bá wọn. Ọkọ mi ní ogun ló fà á, pé ọmọ ọdún méje ni ìyá òun nígbà tógun bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wòlíì ìjọ wa ní iyọ̀ yẹn ni wọ́n fi de ìràwọ̀ ọmọ mi mọ́lẹ̀. Ó ní kí n kó o dà sódò, kí n sì mú màmá wá fún ìtúsílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Àtìgbà tá a ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni mo ti rò pé wọn ò fẹ́ràn mi, torí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé bàbá mi ṣe sọ́jà rí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyàwó Tó Ń Ṣàníyàn

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, má da iyọ̀ yẹn sódò. Bó o bá ti dà á, tètè ra òmíràn, kó o di í padà síbi tó o ti mú un kí màmá tó mọ̀.

Mo mọ ìdí tẹ́rù fi bà ọ́. Ẹni tá a tọ́ dàgbà láàárín wa, tó bá rí nǹkan dídì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó tún rí i nínú bàtà, ibi tọ́kàn rẹ lọ náà lọ́kàn tiẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Àmọ́ àwọn àgbà ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ẹ̀fọ́ ni wòlíì yín rí ní tiẹ̀, òun ló wá ń pè lóògùn. Òótọ́ lọkọ rẹ sọ fún ọ. Ó kàn sọ ọ́ kúrú jù ni, bóyá torí pé báyẹn náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun. Jẹ́ kí n fà á gùn díẹ̀.

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni Ojukwu, gómìnà ológun apá Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, kéde pé apá náà ti di orílẹ̀-èdè Bìáfírà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, ogun bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù Keje yẹn tó parí, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti gba Bonny létí òkun, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 1968, wọ́n gba Port Harcourt. Bí ọ̀nà omi ṣe dí pátápátá nìyẹn. Màlúù tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ kò bọ̀ mọ́. Okporoko, ẹja gbígbẹ líle tó ń ti Norway wá, kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé iyọ̀ náà wá, òun náà sì dẹ́kun. Ìlú ń bọ́ lọ́wọ́ Bìáfírà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń sá ogun ń wọ́ lọ sí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù, ilẹ̀ ọ̀hún kò sì lè bọ́ gbogbo wọn.

Iyọ̀ wá dohun tí wọ́n ń fi ṣíbí kékeré wọ̀n tà. Àwọn obìnrin kan ń yọ́ sọdá ojú ogun, wọ́n á gba àárín sọ́jà ìhà méjèèjì kọjá, kí wọ́n lè ra iyọ̀ àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó wà ní ìhà kejì. Afia attack ni wọ́n ń pe òwò yẹn. Àwọn kan lọ, wọn ò bọ̀. Ọmọ tó bá wà nílé nígbà náà mọ̀ pé iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀ alẹ́ yìí, ẹnì kan ló fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kó tó débẹ̀. Ìwọ náà tún wá wo àwọn ọ̀rá kéékèèké tó o bá nínú bàtà màmá, kó o fi èyí wò wọ́n.

Ebi yẹn kì í ṣe ebi kí oúnjẹ pẹ́ lórí iná. Gbágùúdá lè wà, kí ọmọ jẹ ẹ́, kó sì máa kú lọ, torí kò rí ẹran, kò rí ẹja, kò rí ẹyin, kò rí ẹ̀wà jẹ. Kwashiorkor ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ ọmọ á wú, ikùn á yọ síta, irun á fẹ́lẹ́, á pọ́n, awọ ara á máa bó. Èyí tó burú jù ni pé oúnjẹ kì í wu ọmọ tó bá ti wọ̀ lára jẹ mọ́. Ìyá á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ọmọ á yíjú kúrò. Láàárín ọdún 1968 ni fọ́tò àwọn ọmọ náà tàn ká gbogbo ayé, làwọn ìjọ Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì bá ń fi bàálù gbé wàrà oníyẹ̀fun, okporoko àti iyọ̀ wá láti erékùṣù São Tomé. Òru ni wọ́n ń balẹ̀ sí Uli ní ilẹ̀ Bìáfírà, lórí títì mọ́tò tí wọ́n sọ di pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọn kì í sì í tan iná ibẹ̀ àfi tí bàálù bá fẹ́ balẹ̀ gan-an, torí bọ́ǹbù. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tára wọn ò yá lọ sí Gabon àti Ivory Coast, àwọn mìíràn kò sì padà rí òbí wọn títí ogun fi parí. Lórí iye àwọn tó kú, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò: àwọn kan ní 500,000, àwọn kan ní ó tó 3,000,000. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé ebi pa ju ìbọn lọ, ọmọdé ló sì pọ̀ nínú àwọn tébi pa.

Ọmọ rẹ kò ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe lọ lọ́jọ́ tó da ìrẹsì yẹn nù. Kò yẹ kí màmá gbá a létí, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ohun tó dáa. Ọkọ rẹ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, lédè wọn, ní kọ̀rọ̀, kó má sì jẹ́ pé ìwọ ló ń ti ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àmọ́ màmá tó kó ìrẹsì jáde nínú ìdọ̀tí, tó ṣàn án, tó jẹ ẹ́ tán lójú ọmọ-ọmọ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ rẹ ni wọ́n ń bá jà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti mọ ọmọ kan rí, àbúrò tàbí ọmọ àgbàlá, tí ì bá wà láàyè lónìí ká ní ó rí irú ìrẹsì yẹn jẹ.

Ti báńgà ńkọ́? Bàálù ìjọba ń ju bọ́ǹbù, ó sì ń bà láàárín ọjà àti sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró bàálù, kí wọ́n kó sí kòtò, bí kòtò bá jìnnà, kí wọ́n dojú bolẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ẹ̀kọ́ tí ara kọ́ lọ́mọ ọdún méje kì í bi ọpọlọ léèrè kó tó ṣiṣẹ́. Bí báńgà bá dún, màmá á ti wà lábẹ́ tábìlì kí wọ́n tó rántí pé Sùúrùlérè làwọn wà.

Ogun parí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní ọdún 1970. Owó Bìáfírà di bébà. Àwọn tó ní owó ní báńkì kó tó di ìgbà ogun, tí wọ́n sì ti ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ lásìkò ogun, pọ́n-ùn 20 ni ìjọba ní kí wọ́n san fún wọn, iye yòówù kó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tó wá mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé owó lè pòórá ṣùgbọ́n iyọ̀ tó wà nínú bàtà òun kò ní pòórá, èmi ò rí ibi tí ó ti ṣìrò.

Ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wá kù. Ìgbà tógun ń lọ, Benjamin Adékúnlé tiwa ló kó àwọn ọmọ ogun tó gba Port Harcourt sòdí, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló gbapò rẹ̀ ní ọdún 1969, tó sì bá wọn parí ogun. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà nídìí ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì sọ pé ebi jẹ́ ọ̀kan lára ohun ìjà ogun ṣì ń dun ọ̀pọ̀ Ígbò títí dòní. A fẹ́ràn àwọn àgbà wa, ó yẹ ká sì lè gbọ́ èyí láìbínú. Obìnrin tó rí ohun tí màmá rí, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá mú ọmọ Yorùbá wálé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó béèrè. Wọ́n béèrè, o dáhùn, wọ́n gbà kí ìgbéyàwó wáyé, wọ́n tún wá ń gbé lábẹ́ òrùlé rẹ, wọ́n ń jẹ ọbẹ̀ tó o sè. Èmi ò lè pe ìyẹn ní ìkórìíra.

Àwa náà mọ ọmọ tógun jálẹ̀ bá. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó ìlú Òṣogùn, Àjàyí tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sì jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún tà á lọ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Nígbà tó wá kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà ní ọdún 1837, ó ti di olùkọ́ ní Sierra Leone, síbẹ̀ ó rántí pé oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń sè lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ogun ta, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Ìtàn yìí ni kó o sọ fún wòlíì yẹn tó bá tún pè ọ́, torí Yorùbá lòun náà.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Gba kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní kọ́kọ́rọ́, gbé e sí yàrá màmá, fi iyọ̀, gààrí, edé àti ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀, kó o sì fi kọ́kọ́rọ́ náà lé wọn lọ́wọ́ pé tiwọn ni. Má sọ pé kí wọ́n kó èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kúrò. Búrẹ́dì nìkan ni mo fẹ́ kó o máa pààrọ̀, nítorí eku àti èébu, lójú wọn sì ni kó o ti ṣe é: sọ pé tuntun lo mú wá, kí wọ́n fún ọ ní èyí tó ti gbẹ. Kó o má ṣe yẹ ìrọ̀rí wọn wò mọ́ lẹ́yìn wọn.

Sọ fún ọmọ rẹ, ó ti tó gbọ́: nígbà tí màmá kéré sí i, oúnjẹ tán ní ìlú wọn, àwọn ọmọdé sì kú. Kó mọ̀ pé kì í ṣe pé màmá kórìíra òun. Láti òní lọ, bó bá jẹun kù, kó gbé e lọ fún màmá, àwọn ló máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Má fipá bi wọ́n léèrè ogun. Ilé ìdáná ni kó o ti wọlé: ní kí wọ́n kọ́ ọ ní ọbẹ̀ tí ìyá wọn máa ń sè. Bí ìtàn bá fẹ́ jáde, á bá ibẹ̀ jáde, bí kò bá jáde, o ti mọ ọbẹ̀ sè. Nínú oṣù Kejìlá, sọ fún wọn ṣáájú pé báńgà ti ń bọ̀, pa fèrèsé dé, gbé ohùn rédíò sókè, kí ẹnì kan sì jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá wà lábẹ́ tábìlì, má fà wọ́n jáde, máa fohùn pẹ̀lẹ́ sọ ibi tí wọ́n wà fún wọn.

Bí wọn kì í bá sùn lóru, tàbí wọ́n ń pariwo lójú oorun, tàbí wọ́n ń fi oúnjẹ tiwọn du ara wọn kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀, kí ọkọ rẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba tàbí Arò ní Abẹ́òkúta. Lílọ síbẹ̀ kò sọ wọ́n di wèrè. Àwọn dókítà ibẹ̀ mọ̀ nípa àìsàn tí ẹ̀rù àtijọ́ ń fà, wọ́n sì ní ìtọ́jú fún un.

Ìtúsílẹ̀ yẹn wá dà? Àwọn ènìyàn á yí ìyá àgbà ká, wọ́n á máa pariwo lé e lórí, wọ́n á dì í mú. Fún ẹni tó sá fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́mọ ọdún méje, ìpalára ni. Má mú wọn lọ sọ́dọ̀ wòlíì lọ́jọ́ Sátidé. Ọjà ni kí ìwọ àtàwọn lọ, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn yan edé tó máa wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù náà, kó o sì kọ̀wé sí mi tí ẹ bá dé.