Ìyá Fìkáyọ̀, kí ẹ tó sanwó sínú géèmù ìgbé ayé orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìyá Fìkáyọ̀, ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú àmójútó ọmọ. Ẹ ní Fìkáyọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde WAEC ti ń ta The Sims, géèmù tí èèyàn ti ń kọ́lé tó sì ń darí ìgbé ayé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, lórí laptop bàbá rẹ̀ tipẹ́, pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọ irú rẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tó jẹ́ pé èèyàn gidi ló ń gbé ilé kejì, òun náà sì ń yọ yín lẹ́nu pé kí ẹ sanwó kí òun wọlé. Ẹ wá bi àwa tá a ti ta á bóyá ó dùn ju èyí tí èèyàn ń dá ta lọ, àti bóyá ó yẹ kéèyàn náwó sí i. Mo rí i pé gbogbo ẹni tó ti dáhùn ló ń sọ pé ó dùn. Ó dùn lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ owó inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ lẹ́nu mi, nítorí ojú mi rí nǹkan níbẹ̀.

Nínú The Sims tí Fìkáyọ̀ ń ta, òun ló ni gbogbo agbo ilé. Ó lè kó bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta sínú ilé kan, kó máa darí gbogbo wọn. Tí ẹ bá pè é pé kó wá fọ abọ́, á tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo wọn á dúró sójú kan títí yóò fi padà dé. Tí wọ́n bá sùn, á mú kí aago sáré kí ilẹ̀ tètè mọ́. Wọ́n ń bímọ níbẹ̀, ọmọ ń dàgbà, àgbà ń kú. Tí iná bá jó ilé ìdáná, tí kò sì tíì fi eré náà pamọ́, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Will Wright, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe géèmù, ló dá a sílẹ̀. Ilé tirẹ̀ gan-an jóná nínú iná ńlá tó jà ní Oakland, ní California, ní 1991, ibi tó ti ń tún ẹrù ilé rà lọ́kọ̀ọ̀kan ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kan eré tó jẹ́ ti ilé àti ẹrù. Ọdún 2000 ni The Sims àkọ́kọ́ jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ilé àti ẹrù náà ló dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ṣoṣo lo máa darí. Aago kan náà ni gbogbo yín jọ ń lò, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, kò sẹ́ni tó lè mú un sáré. Oṣù Kejìlá 2002 ni wọ́n gbé The Sims Online jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gba dọ́là 9.99 lóṣooṣù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ta á nígbà yẹn ṣì wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Àwọn tó fẹ́ràn ti àdáta jù ni inú wọ́n bà jẹ́ jù. Kò sí ọmọ bíbí. Kó o tó mọ iṣẹ́ kan dáadáa, o ní láti jókòó ti ìwé tàbí dùùrù fún wákàtí gbọọrọ, tó o bá sì pa á tì fúngbà díẹ̀, ohun tó o ti kọ́ á máa dín kù. Tó o bá fẹ́ fi písà pawó, ẹ̀yin mẹ́rin lẹ gbọ́dọ̀ dúró ti ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń ṣe é, bí íntánẹ́ẹ̀tì ẹnì kan bá já, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Wọ́n ní ṣe ló dà bíi pé àwọn ń sanwó kí àwọn lè wá ṣiṣẹ́ alẹ́. Àwọn mìíràn ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ rárá, torí pé ẹ̀yin mẹ́rin tẹ́ ẹ jọ ń ṣe písà títí di òru, ẹ ò ní ṣàìsọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọ̀rẹ́, àwọn kan rí ìyàwó. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé èwo ló dùn jù, màá ní tí ọmọ yín bá fẹ́ràn kíkọ́ ilé àti títọ́ ẹbí, kó máa ta èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ èèyàn ló ń wá, ti íntánẹ́ẹ̀tì ló máa dùn mọ́ ọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti owó.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Manchester la jọ ní ilé kan nínú ọ̀kan lára àwọn géèmù wọ̀nyí, ti orí fóònù. Mi ò ní dárúkọ géèmù náà, mi ò sì ní dárúkọ báńkì tí ọ̀rọ̀ kàn. Àbúrò mi ló kun ògiri, èmi ni mo ra ẹrù. Àga aláwọ̀ ọsàn méjì wà níbẹ̀ tó kọjú sí fèrèsé. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, á jókòó sórí ọ̀kan, èmi á jókòó sórí èkejì láti Abẹ́òkúta, a ó wá máa tẹ ọ̀rọ̀ síra wa ní Yorùbá láìfi àmì sí i, àwọn ará àdúgbò inú géèmù á máa béèrè irú èdè tí à ń sọ. Tí nẹ́tíwọ́kì mi bá ń fà, á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí màá fi yọ. Fóònù lásán ò fún wa nírú ìyẹn, torí tá a bá pera wa, ká béèrè àlàáfíà Màámi ni, ká sọ̀rọ̀ owó tó fẹ́ fi ránṣẹ́, ó parí. Nínú ilé yẹn, a kàn ń jókòó ni.

A fẹ́ fi yàrá kan kún un. Mo ra owó inú géèmù pẹ̀lú káàdì mi. Alẹ́ẹ̀tì wọlé pé báńkì ti yọ owó, géèmù náà sì kọ ọ́ sójú fóònù pé ìsanwó ò yege. Mo lọ sí báńkì. Lẹ́yìn tí mo tò títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì customer care ní kí n kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n lè gba owó náà padà, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sí wàhálà. Mo kọ ọ́. Ohun tí kò sọ, tó sì yẹ kó mọ̀ torí iṣẹ́ rẹ̀ ni, ni pé irú ìsanwó bẹ́ẹ̀ lè wà lójú ọ̀nà síbẹ̀. Owó inú géèmù padà wọlé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó náírà mi náà padà wá, torí pé fọ́ọ̀mù ti rìn. Lójú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ géèmù, mo ti gba ọjà, mo sì ti já owó rẹ̀ gbà lẹ́yìn. Wọ́n ti àkáǹtì mi pa láìbéèrè ohunkóhun.

Ìyà tó wà nínú ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣe é fẹnu sọ tán. Mo kọ̀wé sí wọn, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Mo tún kọ, ẹ̀rọ yẹn kan náà tún fi ọ̀rọ̀ àná ránṣẹ́, orúkọ mi nìkan ló ń yí. Nígbà tí èèyàn wá dáhùn, ó ní kí n mú nọ́ńbà ìsanwó wá. Mo fún un ní nọ́ńbà tó wà lára alẹ́ẹ̀tì, ó ní kì í ṣe ìyẹn. Mo padà sí báńkì, wọ́n ní nọ́ńbà tí àwọn ní nìyẹn, pé ilé iṣẹ́ géèmù ni kó kọ̀wé sáwọn. Ilé iṣẹ́ géèmù ní báńkì ni kó kọ̀wé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n san owó náà padà, wọ́n ní inú àkáǹtì mi ni mo ti máa san án, àkáǹtì tí wọ́n tì! Ọ̀gá kan ní báńkì tiẹ̀ bi mí bóyá àgbàlagbà bíi tèmi ò ní nǹkan mìíràn tó máa fi owó ṣe. Owó mi ni, ìwọ ni mo gbé e fún láti tọ́jú, èwo ni tìrẹ nínú ohun tí mo fi rà?

Ní gbogbo àkókò yẹn, orí orúkọ mi ni ilé náà wà, nítorí náà géètì ò ṣí fún àbúrò mi. Ó máa ń ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: òun nìyẹn níwájú géètì, fèrèsé là ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn àga ọ̀kan ń yọ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà ṣí àkáǹtì mi, láìsí àlàyé, láìsí ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n ti fi ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Òfin wọn ni pé ilé tí onílé ò bá wọ̀ fún àkókò kan, wọ́n á wó o. Àwọn fúnra wọn ló sì tì mí síta.

Nítorí náà, Ìyá Fìkáyọ̀, tí owó bá lọ tí ọjà ò dé, ẹ má kọ́kọ́ lọ sí báńkì. Inú géèmù náà ni kí ẹ ti fẹjọ́ sùn, kí ẹ ya àwòrán ohun tó hàn lójú fóònù, kí ẹ sì dúró. Tó bá jẹ́ Google Play lẹ gbà rà á, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GPA nínú íméèlì yín ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ti alẹ́ẹ̀tì. Ẹ má pa íméèlì yẹn rẹ́. Ẹ má fi káàdì tí owó oṣù yín ń gbà wọlé sínú fóònù ọmọ. Àwa tá a wà nílé ní 2022, nígbà tí báńkì kan lẹ́yìn òmíràn ń dá káàdì náírà dúró lórí ìnáwó òkèèrè, a mọ̀ pé ìsanwó lè dédé dúró lóṣù tẹ́ ò retí. Tí ẹ bá fẹ́ ra gift card, ìyẹn káàdì tí owó ti wà nínú rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún gbọ́dọ̀ bá ti àkáǹtì mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé. Ẹni tó bá sì ń ta owó inú géèmù ní ẹ̀dínwó lórí WhatsApp, ẹ sá fún un. Láyé The Sims Online náà, orí eBay ni wọ́n ti ń ta owó inú rẹ̀.

Àwọn ọmọ YouTube tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ géèmù ò ní sọ èyí fún yín. Àwọn ilé iṣẹ́ ń fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò mọ bí káàdì ṣe ń kọ̀.

Ohun mìíràn tí ẹ ò béèrè, àmọ́ ọmọbìnrin lọmọ yín: àlejò ló kún ibẹ̀. Peter Ludlow, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní yunifásítì Michigan, dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ nípa The Sims Online, ó pè é ní Alphaville Herald. Ó ń kọ nípa àwọn gbájúẹ̀ tó ń lu ẹni tuntun ní jìbìtì, àti ìwà ìṣekúṣe tó kan àwọn ọmọdé. Ní Oṣù Kejìlá 2003 ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Wọ́n ní torí pé ó fi àdírẹ́sì ìkànnì rẹ̀ sínú géèmù ni, òun ní torí ohun tí òun ń kọ ni. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, kí ẹ wo àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀. Tí òun àti ẹlòmíràn bá jọ ní ilé kan nínú géèmù náà, kó má fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ta ẹrù.

Ẹ má sì gbàgbé pé ilé iṣẹ́ géèmù ló ni ẹ̀rọ tí gbogbo ìlú yẹn ń gbé lórí rẹ̀. Ní 2008 wọ́n yí orúkọ The Sims Online padà sí EA-Land, wọ́n ní àtúnṣe ti dé. Láàárín oṣù mélòó kan wọ́n kéde pé ó ti parí, ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n pa á. Ẹni tó ti ń kọ́lé bọ̀ láti 2002 pàdánù rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wọlé ní oṣù tó kọjá. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ fúnra wọn tún irú rẹ̀ ṣe, wọ́n ṣí i ní 2017 lórúkọ FreeSO, àmọ́ ilé àtijọ́ ò padà. The Sims tó wà lórí laptop bàbá Fìkáyọ̀ kò sẹ́ni tó lè wá wó o lóru.

Ní ti fífi orúkọ sílẹ̀ àti gbígba áàpù náà sórí fóònù, ọmọ náà mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ní ti èyí tó ń dá ta lórí laptop, The Sims 4 ti di ọ̀fẹ́ láti Oṣù Kẹwàá 2022, àwọn àfikún rẹ̀ ló ń gbowó. Tó bá ti wọ orí ẹ̀rọ tán, ó lè ta á láìsí dátà.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ kó wọ ti íntánẹ́ẹ̀tì, kó kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà ọ̀fẹ́ wọlé bó bá wà, kó lò ó títí ìsinmi yìí á fi parí, kí ẹ wá wò ó bóyá àwọn ọ̀rẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ò sọ orúkọ géèmù tí wọ́n ń ta. Ẹ kọ ọ́ síbí, kí ẹ sì sọ bóyá ti fóònù ni tàbí ti kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ èyí tí mo mọ̀, màá sọ ibi tí ẹ ti lè ti ọ̀nà ìsanwó inú rẹ̀ pa fún yín.