Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Àpótí Ìwé Bàbá Ńlá Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ńlá wa wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú láyé Aláké Gbádébọ̀ Kìíní. A rí àpótí páànù rẹ̀ nílé wa ní Aké, l'Abẹ́òkúta: lẹ́tà, ìwé ìpàdé àti rìsíìtì, gbogbo rẹ̀ ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Yíǹkì ti pọ́n, pínnì ti dípẹtà, ikán sì ti jẹ etí ìwé. Àbúrò mi fẹ́ láminéètì wọn. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká tò wọ́n lọ́dọọdún. Èwo ni ká ṣe, ta la sì lè kó wọn fún?

Èsì: Ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ àbúrò yín. Ooru ni ẹ̀rọ láminéètì fi ń lẹ ọ̀rá mọ́ ìwé, kò sì ṣeé bó mọ́. Sẹ́lótéèpù náà kò sàn jù ú lọ: gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì wọnú ìwé.

Ẹ bá wa bẹ ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú. Okùn tí bàbá fi dì í ní ohun tó ń sọ. Ká ní lẹ́tà òyìnbó kọmíṣánnà lórí ilẹ̀ kan wà nínú ìdìpọ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà èsì bàbá àti rìsíìtì lọ́yà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ pín wọn sí 1911, 1912 àti 1914, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé wọ́n jọ ń rìn ni. Ẹ fi fóònù ya ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú u. Ìwé kìíní nínú ìdìpọ̀ kìíní, ẹ kọ 1/1 sí igun ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e, 1/2. Pẹ́ńsù 2B ni o, kì í ṣe bírò.

Ẹ má fa pínnì yọ, ìwé á ya. Ẹ ki ọ̀rá pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ tó rọra mì ín títí ìpẹtà á fi tú, kí ẹ wá tì í jáde.

Irin ló wà nínú yíǹkì tó pọ́n yẹn. Ó ń jẹ ìwé díẹ̀díẹ̀, títí ojú ọ̀rọ̀ á fi di ihò, ọ̀rinrin ló sì ń mú un yára. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, ẹ má sì sá a sóòrùn.

Fún ti ikán, ẹ fi àpótí sórí pẹpẹ, kó jìnnà sí ògiri tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹ sì máa wo ògiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá ọ̀nà erùpẹ̀ ń gòkè. Káfúrà ò ní lé e.

Ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ibẹ̀ ni ìwé Herbert Macaulay, òṣèlú Èkó (1864–1946), wà, àti ti Funmilayo Ransome-Kuti, ará ìlú wa níbí. Kí ẹ tó kó o fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀: ṣé ẹ fi ta wọ́n lọ́rẹ ni àbí ẹ kàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn? Ta ló lè tẹ̀ ẹ́ jáde? Ìdìpọ̀ wo ni kí wọ́n tì pa, fún ọdún mélòó? Kí ẹ̀dà kan nínú àkọsílẹ̀ nọ́ńbà wà lọ́wọ́ ẹbí. Ìwé ilẹ̀ tó ṣì lè dé kóòtù, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín rí i kó tó kúrò nílé.